Wákàtí Tí Wọ́n Bí Mi

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ mi pè mí láti yunifásítì rẹ̀ ní Gwagwalada. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi bi mí pé, "Màmá Àbújá, agogo mélòó gan-an ni wọ́n bí mi?"

Mo ní, "Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lọ́sàn-án."

Ó pariwo. Ó ní òun ti bi Màmá Abájì, ìyẹn àbúrò mi tó bí i lọ́mọ, wọ́n sì ní ta ló ń rọbí tó tún ń wo agogo, pé kó lọ bi mí, torí èmi ni mo gbójú sókè tí mò ń wo ògiri nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo ọmọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ní òun fẹ́ fi wákàtí náà sínú fóònù òun ni. Ohun kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lò báyìí, èèyàn á fi ọjọ́ ìbí àti wákàtí àti ìlú sí i, fóònù á sì ya bí ojú ọ̀run ṣe rí lọ́jọ́ náà, á wá máa ròyìn rẹ fún ọ. Ó ní ti àwọn ará Íńdíà ni, pé kò lè yé mi.

Kò lè yé mi kẹ̀! Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ!

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?" ó ní. "Agogo mélòó ni wọ́n bí yín?"

Mo ní ọbẹ̀ mi ń jóná, pé tó bá wálé lọ́jọ́ Ẹtì a ó sọ ọ́. Irọ́ ni, kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Mo jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú mi. Àgbàlagbà èmi yìí! Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè yẹn gbẹ̀yìn.

Télọ̀ ni mí. Nígbà tí mò ń wí yìí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Gàríkí, lábẹ́ igi dongoyárò kan tó máa ń já ewé sórí gbogbo aṣọ tí mo bá sá síta. Máṣíìnì méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí tó ti sán lápá kan, àti fáànù tí kì í yí àfi tí iná bá wà, iná náà kì í sì í wà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ kọjá àlà. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, eruku á bo gbogbo mọ́tò tó wà níta, àwọn ọmọbìnrin Hausa á máa kiri kúnú, èmi á sì máa tẹ máṣíìnì mi jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan láyé. Wàhálà kan ṣoṣo ni mo ní. Màá dé orí rẹ̀.

Obìnrin ará Íńdíà kan ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan, wọ́n ń gbé ní Wúsè, àwọn ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́hùn-ún nítorí ilé-ìwé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bùláòsì ló kó wá, irú èyí kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ gígùn tí wọ́n ń wé mọ́ra. Ó ní gbogbo télọ̀ tí òun ti gbé e fún ló ti bà á jẹ́. Ó kí mi pé "sànnu," èmi náà ní "yauwa," a ò sì rí ẹni tó jẹ́ Hausa nínú àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa títí tó fi kúrò ní Nàìjíríà. Òyìnbó àti pijín la fi ń sọ ìyókù. Èmi ni mo ń tò ó ní Yorùbá fún yín níbí.

Mo rán bùláòsì yẹn, ó ṣe wẹ́kú sí i lára. Láti ọjọ́ náà ló ti di oníbàárà mi, kò sì pẹ́ tó fi ń wá láìmú aṣọ kankan dání. Á gbé fìláàsì wá, tíì tí wọ́n ti fi wàrà àti ata ilẹ̀ sè pọ̀, á bu ife kan fún mi, á jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, á sì máa wo ọwọ́ mi. Ilé dá fún un ni. Ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ò sí ńlé, kí ni obìnrin fẹ́ máa wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Èmi náà sì mọ bí ilé ṣe ń dá tí kò bá sí ọmọ níbẹ̀.

Ọjọ́ kan báyìí ló bi mí ní ọjọ́ ìbí mi. Mo sọ ọ́, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù. Ó na ìka rẹ̀: ọ̀kan àti mẹ́fà, méje. "O ti rí i?" ó ní. "Eéje ni ọ́." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, nọ́ńbà ọjọ́ ìbí èèyàn ni wọ́n máa ń rò pọ̀ títí á fi ku ẹyọ kan, àti pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní alákòóso tirẹ̀ lójú ọ̀run. Ọ̀kan jẹ́ ti oòrùn, èèjì jẹ́ ti òṣùpá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹẹ́sàn-án. Ẹni tó bá jẹ́ eéje, ó ní, kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi tó bá tú u wò. Ẹ gbà mí! Ta ló sọ fún un pé tí mo bá ra aṣọ lọ́jà, inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yí síta?

Bí mo ṣe kó sínú ẹ̀ nìyẹn o. Mò ń ro nọ́ńbà mọ́tò tó ń kọjá lójú títì, mò ń ro ti ilé, mò ń ro ti sítíkà bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́. Mo ro ti ọkọ mi, ó jẹ́ ẹẹ́rin. Abúlé mẹkáníìkì ní Apo ló wà nígbà náà, rédíétọ̀ ló ń tún ṣe, bó bá sì délé lálẹ́ gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń rùn bí irin jíjó. Ó ní, "Ẹẹ́rin péré? Mo rò pé mo jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ọkọ mi nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní fi ṣẹ̀fẹ̀.

Lẹ́yìn nọ́ńbà la wá dé orí ìràwọ̀. Obìnrin náà mú ẹfun tí mo fi ń sàmì saṣọ, ó tẹ́ pépà pátánì mi sórí tábìlì. Ó ya igun mẹ́rin, ó fa ìlà láti igun dé igun, ó tún so àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ara wọn, ilé méjìlá sì jáde. Mo ní èyí kò yàtọ̀ sí bí mo ṣe ń pín aṣọ kí n tó gé e. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn gan-an. Ó ní ilé àkọ́kọ́ ni ti ara ẹni fúnra rẹ̀, ìkẹrin ti ìyá, ìkarùn-ún ti ọmọ, ìkeje ti ọkọ tàbí ìyàwó, ìkẹwàá ti iṣẹ́. Àwọn arìnrìn-àjò mẹ́sàn-án ló wà lójú ọ̀run tó ń wọ àwọn ilé yìí tí wọ́n tún ń jáde: oòrùn, òṣùpá, ìràwọ̀ márùn-ún tí kì í dúró lójú kan, àti òjìji méjì tí kò ní ara, wọ́n ní orí àti ìrù ejò tó máa ń gbé oòrùn mì ni. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń kọ tiwọn sínú ìwé ìròyìn, oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n nílé àwọn, òṣùpá ni àgbà. Òṣùpá ní ilé àsùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lójú ọ̀run, alẹ́ kan fún ilé kan, èyí tó bá sì sùn sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn, ibẹ̀ ni ìwà onítọ̀hún ti wá.

"Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló le jù," ó ní. Ẹnu ọ̀nà ni ìràwọ̀ tó bá ń yọ lápá ìlà oòrùn ní ìṣẹ́jú tí ọmọ ké. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé. Kì í sì í dúró, bíi wákàtí méjì sí i, òmíràn á ti gba ipò rẹ̀; bí òmíràn bá sì ti sún mọ́ àtiyọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Tí ẹnu ọ̀nà bá ti yí, gbogbo ilé ló yí nìyẹn: ẹni tó jókòó sí ilé ọmọ á bá ara rẹ̀ ní ilé ìyá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè wákàtí tí wọ́n bí èèyàn lójú méjèèjì, tí wọn ò sì ní fọwọ́ kan pépà tí wọn ò bá tíì gbọ́ ọ.

Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ má ro nǹkan míì. Mi ò sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, torí mo mọ irú àdúrà tí wọ́n máa gbà lé mi lórí.

Ẹ jẹ́ kí n yéé yí ọ̀rọ̀ ká. Ọmọ ni mò ń wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọlé ọkọ, kò tíì sí nǹkan kan, àwọn dókítà sì ní ara èmi àti ọkọ mi dá ṣáṣá. Ohun tó tún mú un burú ni pé ìbejì ni wá, èmi àti àbúrò mi. Òun náà ti wà nílé ọkọ ní Abájì, olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, wọ́n ń dá oko iṣu mọ́ ọn, òun náà ò sì tíì bí. Ìyá wa nílé ní Kogí, obìnrin tó fi ikùn kan gbé ọmọ méjì, kò rí ọmọ-ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa. Tí mo bá lọ kí i, á kàn máa wo ikùn mi láti ẹnu ọ̀nà, á sì gbójú kúrò.

Mo wá ní kí ará Íńdíà náà ya tèmi wò. Ó ní kí n sọ wákàtí ìbí mi. Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n, torí bàbá wa ní rédíò, ó sì ní aago ọwọ́, kì í fi wọ́n ṣeré. Mo ṣàlàyé fún un pé ìbejì ni wá, ọ̀kan dé nígbà tí ìròyìn agogo mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, èkejì dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo márùn-ún lù.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò?" ó ní.

"Èmi lẹ̀gbọ́n," mo ní, mo tún gbáyà sókè dáadáa. Ta ló ń fi ipò rẹ̀ ṣeré? Ó kọ nǹkan sílẹ̀, èmi sì ń tẹ òwú bọnú abẹ́rẹ́, mi ò wo ohun tó kọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń ṣírò rẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tó gbé e dé, òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà kankan. Ó tẹ́ pépà náà, ó ń fi ìka tọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi á mọ iṣẹ́, ó ní. Ọkọ mi jẹ́ onísùúrù. Gbogbo ìyẹn kọ́ ni mò ń gbọ́. Nígbà tó dé ilé karùn-ún, ó dúró.

"Ṣáni ló jókòó síbí," ó ní. Ṣáni ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò náà, èyí tó lọ́ra jù. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára, ó máa ń tiro. "Níbi tó bá jókòó sí, nǹkan á pẹ́. Ṣùgbọ́n wò ó, arìnrìn-àjò olójú rere kan ń wò ó láti òdìkejì. Á pẹ́ o, ṣùgbọ́n á dé. Ọmọbìnrin kan."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n rántí pé pátánì lòun fún mi, kì í ṣe aṣọ. Mi ò gbọ́ ìyẹn mọ́. Mo ti gbé orí lé tábìlì, mò ń sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e yẹn dùn. Mo ní ohun tí mo dì mú. Tí àwọn èèyàn bá bi mí pé ṣé kò tíì sí nǹkan, màá rẹ́rìn-ín. Ará Íńdíà náà fún mi ní àgékù sáàrì kan, aṣọ gígùn wọn tí wọ́n ń wé mọ́ra yẹn, sílíkì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà wúrà létí, mo fi rán kaba kékeré kan fún ọmọ jòjòló, mo sì tì í sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi. Ọkọ mi tí kò gba ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ gbọ́ rárá, òun gan-an ló sọ ọ́ di àwàdà. Bó bá ti wọlé láti Apo, kó tó bọ́ bàtà, á ní, "Bàbá tó ń tiro ńkọ́? Ibo ló dé lónìí?" Èmi á ní, "Ó ti dé Lọ́kọ́ja." Ọjọ́ míì màá ní ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. A máa rẹ́rìn-ín títí. Inú yàrá kan àti pálọ̀ la wà nígbà náà, òrùlé ń jò, síbẹ̀ mo máa ń rántí rẹ̀ bí ibi tí mo ti gbádùn jù láyé mi.

Nígbà tó yá, àbúrò mi pè mí láti Abájì pé òun ti lóyún. Èmi ló kọ́kọ́ sọ fún, kó tó sọ fún ìyá wa. Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbá ará Íńdíà náà mọ́ra. Ẹ gbọ́, ayọ̀ gidi ni, kò sí àbùlà kankan níbẹ̀. Mo kàn ń sọ lọ́kàn ara mi pé tí tirẹ̀ bá ti dé, tèmi ò ní pẹ́ lẹ́yìn. Ọsibítù ní Gwagwalada ló bí i sí, mo sì wà níbẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ké, ojú mi bọ́ sára agogo ògiri, torí wọ́n ti kọ́ mi pé ìṣẹ́jú yẹn ṣe pàtàkì. Obìnrin ni.

Ìyá wa wá láti ilé wá wẹ ọmọ. Nígbà tí wọ́n ti sọmọ lórúkọ, tí ara àbúrò mi ti le, màmá ní òun fẹ́ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí òun tó padà sílé. Mo mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi wọ́n jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ará Íńdíà náà yà wá pẹ̀lú ohun dídùn tó ṣe fún ìyá ọmọ. Ó wólẹ̀ kí màmá, ó ní "sànnu," màmá ní kí ló wí. Ó wá ní kí n bá òun bẹ màmá, òun fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe bí àwa ìbejì. Ó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Èdè ilé wa nìkan ni màmá gbọ́, èmi ni mò ń túmọ̀. Màmá na ìka sí mi. Wọ́n ní, "Eléyìí kò kánjú rárá. Àbúrò rẹ̀ ti dé, rédíò ń ka ìròyìn lọ́wọ́ nígbà tó ké. A ti wẹ̀ ẹ́, ìròyìn ti parí, òjò ti rọ̀, òjò ti dá, a ò rí òun. Bàbá wọn ní bóyá ẹyọ kan náà ni. Ìgbà tí a ti ń palẹ̀ mọ́ ni ìyáàfin wá yọjú!" Mo fi ẹ̀rín túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, adùn rẹ̀ kì í tán lẹ́nu mi.

Ọwọ́ ará Íńdíà náà dúró lórí ife tíì rẹ̀. "Ta ló dé ṣáájú?" ó ní.

"Àbúrò mi."

"Àbúrò rẹ ló dé ṣáájú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ni mo rán pé kó lọ wo ayé wá, bóyá ó dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ tiwa."

Ó gbé ife náà sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo màmá, ó tún wò mí. Ó ní, "Agogo mẹ́rin ni mo lò fún ọ."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Màmá ń béèrè pé, "Kí ló ní? Kí ló ní?" Lẹ́yìn náà ló wá yé mi. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n á ti bi èèyàn pé ṣé ìwọ lẹ̀gbọ́n, tí á dáhùn bí mo ṣe dáhùn. Kò sì sí ará Íńdíà kankan tó máa gbọ́ "ẹ̀gbọ́n" tí kò ní kọ wákàtí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kò purọ́ fún mi. Èmi náà ò purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n pépà tó wà lọ́wọ́ mi láti gbogbo ọdún yẹn, ti àbúrò mi ni. Á pẹ́ o, ṣùgbọ́n á dé. Ọmọbìnrin kan. Ó sì ti dé, ó wà ní Abájì, ó ń mu ọmú.

Mo sọ fún màmá pé ó ní ìtàn náà dùn.

Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó dùn mí débi pé mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Ṣé ará Íńdíà ni? Ṣé ìyá mi? Ṣé àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ní ẹni tó pẹ́ dé ni ẹ̀gbọ́n? Obìnrin náà ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ya tèmi gan-an, pé òun á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní rárá. Lálẹ́, nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Abájì nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, kò bi mí nípa bàbá náà mọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá tí mi ò dé Abájì. Mò ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí mo wá lọ, mo mú kaba sílíkì yẹn dání, mo ti pinnu pé kí n gbé e fún ẹni tó ni ín. Kai! Ọmọ ti tóbi, aṣọ náà kò gba apá rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò mi, mo tú ìhà kaba náà méjèèjì, mo wá àǹkárá díẹ̀ nínú ẹrù àbúrò mi, mo ń fọwọ́ rán an mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń rán an ni mo ń sọ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, ti ẹfun, ti agogo mẹ́rin, ti bàbá tó ń tiro. Mo rò pé ó máa ní ìbọ̀rìṣà ni mò ń ṣe. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ti ẹ̀pà tí bàbá ń jẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìwọ lo rán mi níṣẹ́? Mo bá ọ gbà á wá ni."

A sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ó bá wa bẹ́ẹ̀, ó ní ta ló kú. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lẹ́nu lásán. Ọdún tí ọmọ náà parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi dì í lẹ́rù, ó gbé e wá bá mi ní Àbújá pé kó máa gbé lọ́dọ̀ mi kàwé. Ìgbà yẹn ló ti ní Màmá Abájì àti Màmá Àbújá. Èmi ni mo mú un wọ sẹ́kọ́ńdìrì, èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ó ti di obìnrin. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó sì máa ń fi Hausa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà.

Ará Íńdíà náà ti lọ tipẹ́ nígbà náà. Kọ́ńpìnnì ọkọ rẹ̀ kó wọn padà sílé. Ọjọ́ tó wá dágbére, ó mú ẹfun lórí tábìlì mi, ó ní kí n fún òun ní wákàtí náà lẹ́ẹ̀kan sí i, pé òun ò fẹ́ lọ láìtún un ṣe. Mo gba ẹfun náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ṣì ń rí nǹkan oṣù mi nígbà yẹn, mo ṣì ń retí ọmọ. Tó bá yà á tí kò sí ẹnì kankan nínú ilé karùn-ún ńkọ́? Ó yé e, kò bi mí mọ́. Mo máa ń ṣàárò rẹ̀ gan-an. Tí mo bá ń gbóòórùn ata ilẹ̀ nínú tíì, ó dà bíi pé kí n bojú wẹ̀yìn kí n rí i lórí àga yẹn. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ti gé igi náà, mo sì ti kọjá ẹni tó ń rí nǹkan oṣù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mi dé láti Gwagwalada. Ó jẹun tán, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde. "Ẹ̀yin ló kù, Màmá Àbújá. Ẹ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo márùn-ún lù, ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ti dá."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, àwòrán náà sì yọ, igun mẹ́rin, ilé méjìlá, bí ọwọ́ obìnrin yẹn ṣe máa ń yà á sórí pépà pátánì mi gẹ́lẹ́. Ọmọ mi ń ka ohun tí wọ́n kọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Ti ara, ti ẹnu, ti iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní wọ́n ní mo lágídí, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò kà mọ́. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń fa ojú fóònù náà sókè sódò. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún mi ilé tó dé.

"Kà á," mo ní. "Ẹ̀rù ò bà mí mọ́."

"Mi ò kà á, mà." Ó da fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ le, bó ṣe máa ń le tí ẹnikẹ́ni bá rẹ́ wa jẹ lọ́jà. "Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣebí èmi nìyí?"

Mo nawọ́ mú ọwọ́ rẹ̀, mo dì í mú lórí tábìlì.

Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ti ń gbọ́ wa. Ó ti darúgbó, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yékéyéké. "Ìyàwó mi," ó ní, "bàbá tó ń tiro ńkọ́? Ibo ló dé lónìí?"

"Ó ti wọlé," mo ní. "Ó ti jẹun pàápàá."